Ẹ Má Sin Màámi Àbẹ̀kẹ́ Sínú Ọgbà Àwọn Ọmọ

Yéè, Màámi Àbẹ̀kẹ́, ẹ ò ṣe dúró kí a parí ọ̀rọ̀ yìí? Ẹ lọ, ẹ fi wá sílẹ̀ sójú pópó, iṣẹ́ sì pọ̀ nílẹ̀ rẹpẹtẹ. Àwọn yòókù yóò kì yín, wọ́n á ní òpó ilé ti yẹ̀, wọ́n á ní àràbà ti wó. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n èmi Fúnmiláyọ̀, ọmọ àbúrò yín ọkùnrin, tí ẹ tọ́ bí ọmọ inú yín, ẹ ti mọ ìwà mi. Bí nǹkan bá ń bàjẹ́ lójú mi, n kì í lè jókòó kọrin. Kí n tó dágbére, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó ti bàjẹ́ láti ọjọ́ tí ẹ ti pa ojú dé, kí n sì sọ àwọn tó mọ̀ sí i.

Wọ́n ti gbẹ́ sàréè yín sínú ọgbà ilé Bàbá Tíṣà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi ọsàn, níbi gan-an tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ti máa ń tẹ́ ẹní jẹun. Àlàájì Baálé, olórí ẹbí wa, mọ̀; àwọn fúnra wọn ni wọ́n fi ọ̀pá fa ìlà sílẹ̀. Bọ̀ọ̀dá Gbénga, àkọ́bí yín, mọ̀. Láti Èkó ni wọ́n ti ra táìsì funfun tí wọn ó lẹ̀ mọ́ sàréè ránṣẹ́. Pásítọ̀ wa mọ̀. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ẹbí ni, àwọn kò ní bá ẹbí du òkú. Wọ́n ti gé òdòdó tó ṣe ọgbà yí ẹ̀yìnkùlé ká kí ọkọ̀ tó kó yẹ̀pẹ̀ lè ráyè wọlé. Bíríkìlà mọ̀ pé kò dára, ó tilẹ̀ béèrè, wọ́n ní kó máa gé e lọ. Wọ́n sì ti ránṣẹ́ sí ilé-ìwé tó ń bọ̀ láti Ìsẹ́yìn pé kí wọ́n má wá mọ́, títí wọn ó fi gbúròó wa. Ta ló ránṣẹ́? Mo ti bi gbogbo agboolé, oníkálukú ń nàka sí ẹnìkejì. Ewúrẹ́ tí gbogbo ilé jọ ni, ebi ní í pa á.

Èyí tó dùn mí jù ni pé gbogbo wọn ló gbọ́ ọ lẹ́nu yín. Ní ìpàdé ẹbí, lẹ́yìn Kérésìmesì tó kọjá, nínú pálọ̀ ìsàlẹ̀, ẹ gbé ife omi yín sílẹ̀, ẹ ní, "Ẹni tó bá sin mí sínú ọgbà yìí, ó sin ọgbà náà mọ́ mi." Àlàájì Baálé rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, ta ló ń lé ọ? Jẹ oúnjẹ rẹ." Ẹ sì dá wọn lóhùn wàràwàrà: "Èmi kọ́ ni mò ń kánjú. Ẹ̀yin ni ẹ máa kánjú bí mo bá kú."

Màámi, wọ́n kánjú.

Ẹ̀yin àlejò tí ẹ ti ọ̀nà jíjìn wá sí Ògbòòrò láti bá wa kẹ́dùn, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé kí ó má bàa dà bí ẹni pé ìjà ẹbí ni mo gbé wá síbi òkú. Ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì tí ẹ ó rí lẹ́yìn ọjà, Bàbá Tíṣà ló kọ́ ọ, bàbá tó bí bàbá Màámi, lásìkò tí ogun Jámánì àkọ́kọ́ ń jà. Amọ̀ ni ògiri rẹ̀, ó nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọdé lè nà gbalaja sójú fèrèsé kó sùn. Páànù orí rẹ̀, orí ni àwọn alárùú fi rù ú láti Ìbàdàn, wọ́n gba Ìsẹ́yìn wá. Lẹ́yìn ilé náà ni Bàbá Tíṣà dá ọgbà kan sí, wọ́n to òkúta sí ojú ọ̀nà inú rẹ̀, wọ́n gbin ọsàn, wọ́n gbin kọfí, wọ́n gbin òdòdó oríṣiríṣi. Ẹ sì mọ àwọn ará ilẹ̀ wa, iṣu ni wọ́n ń pè ní oko. Wọ́n á dúró lẹ́bàá ọgbà náà, wọ́n á máa wò ó bí ẹni ń wo aṣiwèrè. "Tíṣà, òdòdó yìí, ṣé gígún ni àbí sísè?" Bàbá Tíṣà á ní, "Wíwò ni." Wọ́n á ní, "Ojú kì í yó o, Tíṣà."

Bàbá Tíṣà kò dá wọn lóhùn mọ́. Àwọn ọmọ ilé-ìwé wọn ni wọ́n ń kó wá síbẹ̀. Ìdí igi ọsàn ni wọ́n ti kọ́ àwọn ọmọ náà ní ìṣirò, ojú ọ̀nà olókùúta ni wọ́n ti kọ́ wọn bí a ṣe ń wọn ilẹ̀. Ohun tí àwọn ọmọ òde òní ń pè ní ẹ̀síkọ́ṣọ̀n, kí a kó ọmọ ilé-ìwé jáde lọ wo nǹkan, Ògbòòrò ti ń ṣe é kí ẹnikẹ́ni tó mọ orúkọ tí wọn ó pè é.

Ṣùgbọ́n àwọn ìyá ọmọ kọ̀. Nígbà náà, inú ilé ni a ń sin òkú sí. Yàrá tí bàbá kú sí, ibẹ̀ náà ni wọn ó gbẹ́, ọmọ á sì máa tẹ́ ẹní sórí rẹ̀ sùn. Kò sí ilé tí kò ní ti rẹ̀. Àwọn ìyá wo ilé gíga yìí, wọ́n ní, "Èyí tó ga tó báyìí, òkú mélòó ni ó dúró lé lórí? Ọmọ tèmi kò ní wọ ibẹ̀." Bí Bàbá Tíṣà ṣe dìde dúró níwájú gbogbo ìlú nìyẹn, tí wọ́n ní, "Ilé tí mo bá fẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ wọ̀, a kò ní sin òkú sí i. Èmi gan-an ni mo máa kọ́kọ́ jáde." Ìlú ní Tíṣà ti di òyìnbó, ó fẹ́ lọ sùn sígbó. Nígbà tí ọlọ́jọ́ dé, ilẹ̀ ìsìnkú ìjọ ni wọ́n gbé wọn lọ lóòótọ́. Títí di òní, n kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pe Bàbá Tíṣà ní aláìnílé. Ilé wọn ni gbogbo Òkè-Ògùn ń wá wò.

Àsẹ̀yìnwá, ilé náà ṣófo. Ẹ̀yin lẹ padà dé ibẹ̀, Màámi, nígbà tí ẹ fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ṣakí. Ẹ bá ewúrẹ́ ní yàrá òkè. Ẹ ní ìyá ewúrẹ́ kan dúró sójú fèrèsé, ó ń wo ìlú bí ẹni pé òun ló san owó orí fún un. Ẹ lé wọn. Ẹ gbá ilé, ẹ rẹ́ ògiri, ẹ wá gbogbo ohun tó kù nínú ohun èlò Bàbá Tíṣà rí láti agboolé dé agboolé, ẹ tò wọ́n sí àyè wọn. Ẹ gun ọ̀kadà láti ilé-ìwé dé ilé-ìwé, ẹ̀yin obìnrin tí eékún ti ń dùn, ẹ ń sọ fún àwọn ọ̀gá ilé-ìwé pé, "Ẹ kó àwọn ọmọ wá. Ẹ má mú nǹkan kan wá. Ẹ ṣáà kó àwọn ọmọ wá."

Wọ́n sì wá. Ta ló lè gbàgbé bí ẹ ṣe ń gbà wọ́n? Ẹ̀yin tí nọ́ọ̀sì kò kúrò lára yín rí, ẹ ó kọ́kọ́ yẹ èékánná wọn wò lẹ́nu ọ̀nà, ẹni tó bá dọ̀tí á lọ fọ ọwọ́. Tíṣà náà kò gbẹ́yìn. Mo rí ìgbà tí ẹ dá ọ̀gá ilé-ìwé kan padà sídìí omi, ó sì lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ ó na ọwọ́ sí ògiri. "Ẹ má fọwọ́ pa á. Ògiri yìí dàgbà jù yín lọ, ó dàgbà jù mí lọ. Ẹ kí i." Àwọn ọmọkùnrin á dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ògiri amọ̀, àwọn ọmọbìnrin á kúnlẹ̀, gbogbo wọn á pariwo, "Ẹ kú ilé o!" Ọjọ́ tí àwọn ọmọ ilé-kéwú wá láti Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, "Sàlámù àlékùm!" ni wọ́n fi kí i, ni Àlàájì Baálé tó jókòó níwájú ilé bá bú sẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí wọn. Wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, ọjọ́ tí ògiri yìí bá dáhùn, ìwọ lo máa kọ́kọ́ sá." Ẹ ní, "Bó bá dáhùn, ẹ̀yin ló máa bi pé kí ló dé tí ẹ ò tíì tún páànù ṣe."

Ẹnu yín mú, Màámi. Ẹ kò sì ní àyà láti lé ọmọ padà. Ìyẹn ló dá èmi àti ẹ̀yin pọ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Mo ka ìmọ̀ okòwò ní yunifásítì, mo ṣiṣẹ́ ní Èkó, mo wá kí yín ní àkókò ìsinmi kan, mo bá bọ́ọ̀sì ilé-ìwé mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lẹ́nu ọ̀nà, àwọn ọmọ kún orí àtẹ̀gùn bí eṣú. Mo ní, "Màámi, ta ló ṣètò èyí?" Ẹ ní, "Kò sí ẹni tó ṣètò rẹ̀. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀, mo ní kí wọ́n máa bọ̀." Mo ní ilé amọ̀ kò lè gbé wọn, ilé-ìwé kan lójúmọ́ ni. Ẹ wò mí tìkà-tẹ̀gbin. "Ṣé kí n máa lé ọmọ lẹ́nu ọ̀nà ni, Fúnmi?" Mo ní, "Rárá, èmi ni màá bá yín lé wọn." Àwọn tíṣà sọ mí ní Sójà. Ẹ̀yin náà ń pè mí bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn, mo gbọ́. Ẹ sọ fún Àlàájì pé bí wọ́n bá bí mi nígbà ogun Jámánì, ogun náà kì bá pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, ìṣètò kò já mọ́, ilé ò sì wó.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ló já lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́, nítorí òun ni ẹ̀kọ́ tí ẹbí wa ti kọ́ tí wọ́n sì ti gbàgbé. Nígbà tí Bàbá Josáyà, ẹ̀gbọ́n yín, dágbére fáyé, ẹ wà ní Ìbàdàn níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ojú yín. Kí ẹ tó dé, ẹbí ti sin wọ́n síwájú ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn gan-an. Wọ́n lẹ táìsì funfun, wọ́n gbé àwòrán wọn sí i lórí, àwòrán tó ń wo ènìyàn níbikíbi tí ó bá dúró sí. Òfin Bàbá Tíṣà tí ẹnikẹ́ni kò rú rí, ọjọ́ kan ni wọ́n fi rú u.

Ilé-ìwé tó kọ́kọ́ wá lẹ́yìn rẹ̀, orin ni wọ́n ń kọ bọ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Bí wọ́n ti rí sàréè, orin dákẹ́. Ọmọbìnrin kan di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú, ó ní, "Àǹtí, bàbá yẹn ń wò mí." Àǹtí náà, dípò kí ó rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, ohun tó sọ ni pé, "Ẹ sáré kọjá, ẹ má wẹ̀yìn!" Wọ́n sáré. Nígbà tí wọ́n wọlé, kò sí ẹni tó béèrè bí páànù ṣe dé láti Ìbàdàn. Kò sí ẹni tó kí ògiri. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni, "Màmá, ta tún ló kú síbí? Yàrá wo ló kú sí? Ṣé ó máa ń jáde?" Nígbà tó yá, ibà ṣe ọ̀kan nínú wọn nílé, ìyá rẹ̀ ní wọ́n mú ọmọ òun lọ sí ilé òkú. Ọ̀rọ̀ náà fò láti ìlú dé ìlú. Bọ́ọ̀sì kò wá mọ́. Ẹ máa ń jókòó sórí àtẹ̀gùn láràárọ̀, ẹ ti bó ọsàn sínú abọ́, ẹ ń wo ojú títì. Ọsàn á gbẹ. Ẹ ó bó òmíràn.

Ẹ kò jà. Ẹ kò hú òkú ẹ̀gbọ́n yín. Ẹ ti ilẹ̀kùn iwájú pa, ẹ la ọ̀nà tuntun láti ẹ̀yìnkùlé, ẹ gbin òdòdó yí ibẹ̀ ká kí ọmọ má bàa rí iwájú ilé. Ẹ tún gun ọ̀kadà, ẹ tún bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ àwọn ọ̀gá ilé-ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ilé-ìwé àkọ́kọ́ padà wá, ọmọ kan tún béèrè ẹni tó kú síbẹ̀. Ẹ tẹ̀ ba, ẹ ní, "Nínú ilé yìí, a jẹun, a jà, a bímọ, a kàwé. Ohun tí mo fẹ́ kí o mú lọ nìyẹn. Òkú ní ilé tirẹ̀." Òdòdó tí ẹ gbin nígbà náà ni wọ́n gé fún ọkọ̀ yẹ̀pẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí. Inú ọgbà ẹ̀yìn, tó jẹ́ pé òun nìkan ló kù fún àwọn ọmọ, ni wọ́n gbẹ́ kòtò sí. Bí a bá gbé yín síbẹ̀ lọ́la, ọ̀nà wo ni ọmọ kan máa gbà wọlé? Lórí òrùlé?

N kò ní purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. Kì í ṣe ìkórìíra ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ. Mo lọ bá Àlàájì Baálé nílé wọn. Ojú wọn pọ́n, wọn kò jẹun. Wọ́n ní, "Fúnmi, ọmọ ilé ni Àbẹ̀kẹ́. Nígbà tí gbogbo wa fi ilé sílẹ̀ fún ewúrẹ́, òun ló tún un ṣe. Bí a bá wá gbé e kọjá ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lọ sí itẹ́ òkú gbogbogbòò, kí la fẹ́ sọ fún un lọ́run?" Àgbà tó sunkún níwájú mi nìyẹn. Mo bá Bọ̀ọ̀dá Gbénga sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Wọ́n ní, "Ṣé o fẹ́ kí àwọn ènìyàn mi láti Èkó rí i pé mo sin ìyá mi bí ẹni tí kò lẹ́nìkan ni?" Mo gbọ́ yín, ẹ̀yin méjèèjì. Ẹ fẹ́ràn Màámi. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ tí kò gbọ́ ohun tí olólùfẹ́ wí, etí rẹ̀ di. Ẹ kò ní láti ronú ohun tí ẹ ó sọ fún wọn lọ́run. Màámi ti sọ tiwọn fún yín láyé.

Màámi, mi ò tíì ráyè sunkún yín. Ẹni tó ń sunkún kò lè pe oníkọ́fìn, kò lè pe olóúnjẹ, kò lè pe atẹ̀wé. Àárọ̀ tí ẹ lọ, orí fóònù ni mo wà tí mò ń bá awakọ̀ ilé-ìwé Ìsẹ́yìn sọ̀rọ̀ nípa ọ̀nà tí òjò ti bàjẹ́. Ẹ pè mí láti yàrá, ẹ ní, "Sójà, sọ fún un kó rọra wá, ọmọ ló kó, kì í ṣe iṣu." Mo sọ fún un. Nígbà tí mo fi máa wọlé láti jẹ́ iṣẹ́ padà, ẹ ti lọ. Ẹ jókòó sórí àga, ẹ fi ọwọ́ lé orí itan bí ẹni tó ń dúró de àlejò. Mo dúró níbẹ̀, mo tún ń sọ fún yín pé awakọ̀ ti gbọ́.

Bọ̀ọ̀dá Gbénga ní kí èmi kọ ọ̀rọ̀ ìdágbére ẹbí, nítorí pé èmi ni mò ń bá atẹ̀wé sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí n kọ èyí tó máa dùn ún kà. Ẹ dárí jì mí, Bọ̀ọ̀dá. Èyí tó jẹ́ ti ìyá yín ni mo kọ.

Ìwé yìí máa dé ọwọ́ gbogbo yín ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ níbi ìsìn àìsùn, nítorí náà àyè ṣì wà. Ilẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá Tíṣà ní itẹ́ òkú ìjọ ṣófo; mo ti bá àwọn tó ń gbẹ́ ilẹ̀ sọ ọ́, wọ́n ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Pásítọ̀, ẹ ò ní bá ẹnikẹ́ni du òkú, ẹ ṣáà máa ṣíwájú pósí lọ síbi tó yẹ. Ẹ̀yin àgbà á ní sàréè tí a bá gbẹ́ kì í ṣófo, kí ó má bàa pe ẹlòmíràn. Mo gbọ́, n kò sì ní bá àṣà jà. Mo ti gba ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́ta lóko. A ó gbin wọ́n sínú kòtò náà kí a tó kó yẹ̀pẹ̀ padà, kòtò kò ní ṣófo, àwọn ọmọ á sì rí ọ̀gẹ̀dẹ̀ jẹ. Bọ̀ọ̀dá Gbénga, táìsì yín kò ní ṣòfò. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn ọmọ ilé-ìwé kò ní táìsì kankan, ìyá yín sì ti ráhùn nípa rẹ̀ títí. Ní ti ilé-ìwé Ìsẹ́yìn, mo ti pè wọ́n padà. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n ń bọ̀.

Ohun kan ṣoṣo ló kù, n kò sì lè ṣe é: àṣẹ olórí ẹbí. Àlàájì Baálé, bàbá mi, mo kúnlẹ̀, mo fi orí kan ilẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni mò ń bẹ̀ lọ́wọ́ yín: "Ẹ dí i." Kí ẹ sọ ọ́ kí aago mẹ́jọ àárọ̀ ọ̀la tó lù, nítorí aago mẹ́wàá ni ìsìn, yẹ̀pẹ̀ náà sì pọ̀.

Màámi Àbẹ̀kẹ́, ọmọ Tíṣà, ìyá gbogbo bọ́ọ̀sì, ẹ máa wọlé ìsinmi. Kí oorun yín ó dùn, kí ó jẹ́ ilẹ̀ tí ẹ fẹ́ ni yóò gbà yín.

Àlàájì, aago mẹ́jọ. Èmi àti àwọn tó ní ṣọ́bìrì á ti wà nínú ọgbà.